Tábìlì Ráútà àti Ẹni Tó Ń Kan Ògiri

Ajé, ọjọ́ 3, oṣù Kẹta

Kọ́kọ́rọ́ ti dọ́wọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù tèmi, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń fá pákó lábẹ́ ọ̀gá. Yàrá kan péré. Gígùn rẹ̀ ìṣísẹ̀ mọ́kànlá, ìbú rẹ̀ méje. Fèrèsé ńlá kan lápá ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé dáadáa. Ògiri ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n kùn ní funfun, eruku ti bo mẹ́ta yòókù. Ihò mẹ́rin wà nínú sìmẹ́ńtì ilẹ̀ níwájú ògiri funfun yẹn. Wọ́n ti de nǹkan wúwo kan mọ́bẹ̀ rí.

Mo bi Agéǹtì ta ló wà lẹ́yìn ògiri. Ó ní kò sẹ́nì kankan, ilé náà wà ní títì. "Ẹ máa lo ẹ̀rọ yín bó ṣe wù yín, ariwo yín ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́." Bó ṣe ń sọ ọ́, bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́: ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù méjìlá fún Dókítà Eléyín. Ó fẹ́ kí etí gbogbo wọn rí roboto, kí ọ̀kan má yàtọ̀ sí èkejì. Kí oṣù tó parí. Mo ní ráútà, ẹ̀rọ oníná tí abẹ rẹ̀ ń yí tó ń fá etí pákó; Abúramúramù ni mo sọ ọ́ nítorí ariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ni mo fi ń dì í mú. Fún ilẹ̀kùn méjìlá, àfi kí n ní tábìlì rẹ̀: kí Abúramúramù so rọ̀ lábẹ́, kí abẹ rẹ̀ yọ sókè láàárín tábìlì, kí n máa ti pákó kọjá lára rẹ̀.

Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n kàn án?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4

Bùọ̀dá Ra-á mú mi lọ sílé ìtajà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohunkóhun tó bá yẹ̀ díẹ̀ nílé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní: "Ra òmíràn." (Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ta ló máa rí i?)

Tábìlì tí wọ́n ń tà: páànù lókè, kò fẹ̀ ju àwo tí a fi ń kó ilẹ̀ lọ. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wọnú. Igi tó ń tọ́ pákó sọ́nà — èmi máa ń pè é ní Ọlọ́pàá, torí òun ni kì í jẹ́ kí pákó yà — ike ni tiwọn, ó ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ní mi ò fẹ́. Mo máa kan tèmi: òkè tó nípọn, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, Ọlọ́pàá igi líle tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èyí tí wọ́n ń tà, wọ́n ti dán an wò. Súìṣì pupa wà níwájú. Tìẹ, ta ló máa dán an wò?"

Mo ní èmi ni.

"Pẹ̀lú ìka wo?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Nígbà tí mo ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "Olórí kunkun." Mo ní ẹ ṣé, sà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 5

Púláíwùù méjì, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Mo kó gbogbo ohun tó wúwo ní ṣọ́ọ̀bù lé e lórí. Kò tó. Mo gun orí rẹ̀ fúnra mi, mo jókòó síbẹ̀ jẹun ọ̀sán.

Ẹtì, ọjọ́ 7

Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dúró. Mo wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti pọ̀ jù, mo wọ́ ọ lọ síbẹ̀, mo yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún títí ó fi bá ara mi mu. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wò ó bóyá ó dúró déédéé.

Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí ihò kọ̀ọ̀kan. Gẹ́lẹ́. Mi ò wọn nǹkan kan. Gíga mi ni mo fi yan ìbú rẹ̀, gígùn apá mi ni mo fi yan gígùn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dún jù nínú yàrá òfìfo.

Mo wọ́ tábìlì kúrò lórí ihò. Ibi tí mo wọ́ ọ lọ ṣókùnkùn. Mo wọ́ ọ padà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má bù mọ́ ọn.

Mo ń gé ojú ihò tí Abúramúramù máa so rọ̀ sí. Ọwọ́ ni mo fi dì í mú, mo ń yí i ká lẹ́bàá igi tí mo fi ṣe àwòrán ihò náà. Ó ń ké geere. Lójijì ohùn rẹ̀ fẹ́ yí — mi ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa pàápàá — ni mo gbọ́ ọ lára ògiri funfun. Kò-kò-kò. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo pa ẹ̀rọ. Mo rò pé ariwo mi ló ń yọ ẹnì kan lẹ́nu.

Kí n tó kọjú sí ògiri ni mo rí i: ohun tí mo fi di igi àwòrán náà mú ti tú. Ká ní mo tún lọ síwájú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ì bá fò, èmi àti ẹ̀rọ.

Mo yí ká lọ síwájú ilé ẹ̀yìn láti lọ bẹ ẹni tó kan ògiri náà. Àgádágodo ńlá lẹ́nu ọ̀nà. Ewé gbígbẹ lórí àtẹ̀gùn, kò sí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn náà títí ọwọ́ fi dùn mí. Kò sẹ́ni tó yọjú.

Àìkú, ọjọ́ 9

Mi ò lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ajé, ọjọ́ 10

Tábìlì ti pé. Mo fi irin pẹlẹbẹ so Abúramúramù rọ̀, síkúrúù mẹ́rin. Súìṣì rẹ̀ wà lára rẹ̀ nísàlẹ̀, ó di dandan kí n máa bẹ̀rẹ̀ nawọ́ sábẹ́ kí n tó tàn án tàbí kí n pa á. Kò wù mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ògiri dún lónìí. Àkọ́kọ́: mo gbé abẹ sókè jù, ó fẹ́ jẹ pákó ju bó ṣe yẹ. Ẹ̀kejì: èéfín ti ń yọ lára pákó, mo ń tì í pẹ̀lẹ́ jù, mi ò sì rí i, torí ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ Dókítà Eléyín. Kò-kò-kò.

Mo dán an wò. Mo tan ẹ̀rọ láìsí pákó: ògiri ò sọ nǹkan kan. Mo ti pákó bó ṣe yẹ: ògiri dákẹ́. Bí mo bá ṣàṣìṣe nìkan ni.

Ọ̀gá mi kọ́ mi fún ọdún mẹ́rìnlá, kò sì fetí sí mi tó báyìí rí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11

Bùọ̀dá Ra-á wá wo tábìlì. Ó fọwọ́ nù ún, ó wò ó lábẹ́, ó ní kò burú. Mo mọ ohun tí "kò burú" ná an! Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ̀rọ̀ ògiri fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní eku ni. Ó ní bí kò bá ṣe eku, páìpù omi ni.

Ó ní kí n jẹ́ kóun náà ti pákó kan wò. Mo fà á lé e lọ́wọ́, mo yíjú láti mú gíláàsì ojú fún un. Kò dúró dè mí. Apá òsì ló ti bẹ̀rẹ̀. A kì í ti pákó láti apá òsì: ọ̀nà tí abẹ ń yí sí nìyẹn, ṣe ni yóò já a gbà lọ́wọ́ ẹni, ọwọ́ ẹni á sì tẹ̀ lé e.

Kò-kò-kò.

Ó fi pákó sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Mo bẹ̀rẹ̀, mo pa ẹ̀rọ. Ó ń wo ògiri, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

Ó ní, "Kó ẹrù rẹ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ó gbà yín là ni."

"Kí ló gbà mí là? Ìwọ obìnrin yìí, dá mi lóhùn! Kí ni?"

Ó ní òun máa ra tábìlì páànù yẹn fún mi, kí n wá máa ṣiṣẹ́ níwájú ilé òun, láàárín àwọn ènìyàn. Nígbà tó ń lọ, ó fẹ̀yìn rìn jáde. Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí kì í bẹ̀rù ajá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 12

Mo ká Agéǹtì mọ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní ta ló lo ṣọ́ọ̀bù yẹn kí n tó dé. Ó ní káfíńtà kan. Níbo ló wà? "Ó ti lọ." Ó lọ síbo? "Ó ti lọ náà ni, mọ̀dáámú."

Mi ò dìde. Ó rí i pé mi ò ní dìde. Ó wá sọ pé ọkùnrin náà ní tábìlì bíi tèmi, ibi ihò mẹ́rin yẹn ló dè é mọ́. Ó kàn án fúnra rẹ̀ ni, kò gbà láti rà. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan láti pa ẹ̀rọ lábẹ́ rẹ̀, ìka mẹ́ta lọ. Mo ní lẹ́yìn náà ńkọ́? Agéǹtì ní wọ́n ti ní kóun má sọ̀rọ̀ nípa ẹni yẹn, kí n jọ̀ọ́.

Wọ́n ní. Àwọn wo?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13

Bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ rí ìwé yìí, kò ní lè ka ohun tí mo kọ lónìí.

Ilẹ̀kùn kẹta ni mo wà. Aago mọ́kànlá lè díẹ̀. Ó ń lọ dáadáa, etí pákó ń jáde bí ọṣẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú bébà. Mo parí apá kan, mo bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́ sábẹ́ láti pa Abúramúramù.

Ó dún. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó rọ̀ bí òjò yìnyín lórí páànù, láìdáwọ́dúró. Kò tiẹ̀ jọ pé láti ọ̀nà ògiri ló ti wá. Inú pákó tábìlì, lábẹ́ àyà mi, ni mo ti gbọ́ ọ. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Bí mo ṣe fà á ni Abúramúramù já. Síkúrúù ti tú nítorí ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ, mi ò mọ̀. Ó já lulẹ̀ pẹ̀lú abẹ rẹ̀ tó ń yí, ó jẹ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ta gbọ̀ọ̀n-gbọ̀ọ̀n nílẹ̀ títí wáyà rẹ̀ fi yọ lára ògiri. Ibi tó kọjá, ibi tí ọwọ́ mi wà gan-an ni.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ka ìka mi. Mo tún un kà. Mo sunkún díẹ̀, mi ò purọ́.

Mo ní, "Ẹ ṣé." Mi ò mọ ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ 14

Iwájú ilé Bùọ̀dá Ra-á. Tábìlì páànù ti wà níbẹ̀, tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Kò sọ pé "mo sọ fún ọ." Èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù ṣì ń bà á.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15

Mo fi tábìlì páànù ṣe ilẹ̀kùn kan. Páànù ń rọ̀ láàárín, Ọlọ́pàá ike ń yà fún pákó. Etí ilẹ̀kùn rí bí ẹnu ẹni tó ń sunkún. Kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni, ká má tíì wá sọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí eyín tò.

Kò sí kíkàn kankan. Ọmọdé ń ṣeré, ọkọ̀ ń kọjá. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá ṣàṣìṣe níbí, ta ló máa sọ fún mi?

Ajé, ọjọ́ 17

Mo padà. Mi ò wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo gba ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀yìn, ibi tí mi ò ronú kàn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Aṣọ wà lórí okùn: ṣòkòtò ọkùnrin méjì, ọ̀já aláìsàn. Omi ṣì ń kán lára wọn. Ìyá àgbàlagbà kan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú korobá.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wo ọwọ́ mi.

"Ìwọ lo wà níbi ẹ̀rọ."

Mo ní èmi ni, mà.

"Ó pé mẹ́wàá ṣá?"

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì fún wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí n wọlé.

Yàrá kékeré, ó mọ́ tónítóní. Ibùsùn kan tí wọ́n fi ti ògiri — ògiri mi, apá kejì rẹ̀. Bàbá kan sùn sórí rẹ̀, wọ́n gbẹ, irùngbọ̀n wọn ti di gígé. Ọwọ́ ọ̀tún ò ní ju àtàǹpàkò àti ìka kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni àrùn ẹ̀gbà ti pa, ohùn náà sì ti lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn tí tábìlì gé wọn níka nìyẹn dé. Ojú nìkan ló ṣẹ́kù. Ojú yẹn sì ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé.

Màmá ní àwọn ló ń kan ògiri. Wọ́n fi ṣíbí igi hàn mí, ìdí rẹ̀ ti ya. "Ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ kọ́kọ́ ké, mo rò pé ó máa bà wọ́n nínú jẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe la ojú! Wọn ò là á bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Bí ẹ̀rọ bá ń ké dáadáa, wọ́n á la ojú sílẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá fẹ́ yí, wọ́n á dì í pinpin. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa pákó. Bí mo bá ti rí i tí wọ́n di ojú, èmi á kàn án."

Mo bi wọ́n ìdí tí iwájú fi wà ní títì. Wọ́n ní Bàbá ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá máa káàánú wọn. Àwọn ló ní kí Agéǹtì sọ pé kò sẹ́nì kankan.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun." Ojú wọn kúrò ní ojú mi, ó lọ sórí ọwọ́ mi, ó ń lọ láti ìka dé ìka, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi dé ìka ìkẹyìn. Wọ́n wá la ojú dáadáa.

Ìtura! Ìyà tí mo fi jẹ ara mi. Ìyá àgbàlagbà àti ṣíbí ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 19

Mo ti gbé súìṣì wá síwájú tábìlì, ó ga dé itan mi. Itan ni mo fi ń tì í, ẹ̀rọ á kú. N ò tún nawọ́ sábẹ́ mọ́ láé. Síkúrúù mẹ́rin ti di bóòtù mẹ́jọ, mo sì ń yẹ̀ wọ́n wò láràárọ̀. Ìmọ̀ràn Bàbá ni: Màmá ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ń dáhùn (líla ni bẹ́ẹ̀ ni, dídì ni bẹ́ẹ̀ kọ́), ó gbà wá ní wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ilẹ̀kùn mẹ́jọ ti parí. Mo ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá Ra-á pé ṣíbí ni. Ó ní òun mọ̀ pé nǹkan kékeré ni, òun ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ irọ́!

Ẹtì, ọjọ́ 21

Ilẹ̀kùn méjìlá. Gbogbo wọn dọ́gba bí ìbejì. Mo to wọ́n ti ògiri, mo lọ pe àwọn òbí mi tuntun.

A gbé Bàbá sórí àga onítáyà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ̀lú aṣọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀, wọn ò tíì padà síbẹ̀. Màmá ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ojú wọn là, kò sì dì. Mo fi ọwọ́ wọn méjèèjì nu orí tábìlì. Mo tan ẹ̀rọ, mo ti pákó kan kọjá fún wọn, mo fi itan pa á. Omi bọ́ lójú wọn. Màmá nù ún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ó dára. Wọ́n ní ó dára ju tiwọn lọ."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́.

Mo ní, "Màmá, ti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn ni mi ò ní gbàgbé láé. Ẹ kàn án bí òjò. Ká ní ẹ ò kàn án bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi ti lọ."

Wọ́n ní, "Ọjọ́bọ̀ wo?"

Mo sọ ọjọ́ náà. Mo ní aago mọ́kànlá.

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní àwọn ò sí nílé ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọjọ́ ọsibítù Bàbá ni. Ọkọ̀ wá gbé àwọn méjèèjì láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò wọn. Wọ́n fa káàdì ọsibítù yọ hàn mí, bí ẹni pé mo pè wọ́n lẹ́jọ́. Ọjọ́ 13 wà níbẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Kò sẹ́ni tó wo ògiri.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́ Bàbá létí, ohùn wọn ò jáde dáadáa. "Ṣé ẹ mọ ẹni tó kàn án?"

Bàbá la ojú. Wọ́n là á sílẹ̀ gbàgà. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wò, kì í sì ṣe ògiri. Ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì ni, níbi tí kò sẹ́nì kankan, ní ìwọ̀n gíga tí ojú ènìyàn máa ń wà.

Màmá ní òtútù ti ń mú wọn. A gbé wọn lọ sílé.

Ajé, ọjọ́ 24

Dókítà Eléyín gba ilẹ̀kùn rẹ̀ níjẹta. Ó fi ìka tọ́ etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ò tíì rí irú rẹ̀. Ó ní àga mẹ́fà ló kàn tóun tún fẹ́.

Bùọ̀dá Ra-á ní kí n padà wá síwájú ilé òun. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kí ó ta tábìlì páànù. Ó ní, "O ò bẹ̀rù?" Mo ní mò ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ìka mi pé mẹ́wàá, mi ò sì lè sá fún ẹni tó jẹ́ kí wọ́n pé.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn ti wà lórí tábìlì. Mo yẹ bóòtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò, mo mú pákó àkọ́kọ́. Kí n tó fi itan kan súìṣì, mo kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún àgbà.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo dúró. Mo dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó dáhùn.